Ewé Tí Wọ́n Gé Nínú Bíbélì Fógẹ́lì

Ẹni tó gé ewé náà kò kánjú. Ohun àkọ́kọ́ tí Adéwùnmí Ọ̀jẹ̀túndé rí nìyẹn, kó tó jókòó, kó tó fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Bíbélì ńlá náà ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ní pálọ̀ ilé Fógẹ́lì ní Ayétòrò, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo igi. Láàárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun, níbi tí àwọn Jámánì ayé ọjọ́un máa ń kọ orúkọ ọmọ wọn sí, ewé kan ti lọ. Ìdí rẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò ju ìbú ìka kan lọ, ó sì gún régé látòkè délẹ̀. Ojú ewé tó kọjú sí i ní àbàwọ́n kan, aláwọ̀ omi tíì, bí ohun tó ti pẹ́.

"Bíléèdì ni," ni Adéwùnmí wí. "Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni, mà," ni Ọlámipọ̀ dáhùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà, òun ló sì lọ bẹ Adéwùnmí níṣẹ́ ní Ìlaròó. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n Màmá Ìnsípẹ́kítọ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é káàkiri ilẹ̀ Yewa, àwọn ènìyàn kò sì yé kó ọ̀ràn tó bá rú wọn lójú wá bá a. "Ní Sọ́ńdè, mo ń bá Rúùtù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a jọ ń wo ara wa ní fídíò. Bàbá mi bá mi ṣí àpótí, mo ṣí Bíbélì, mo ní kí Rúùtù wo ibi tí orúkọ wà. Àfi bí mo ṣe rí i pé kò sí ewé níbẹ̀."

"Ta ni Rúùtù?"

"Ará Amẹ́ríkà ni, ní ìlú Mìlìwọ́kì. Baba ńlá kan náà ló bí wa."

Bàbá Ọlámipọ̀ wúkọ́ níbi tó jókòó sí. Oyèkúnlé ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, olórí ẹbí. Iṣẹ́ télọ̀ ló fi ogójì ọdún ṣe kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì.

"Jẹ́ kí n là á yé wọn," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó kọjú sí Adéwùnmí. "Hẹ́ńrì Fógẹ́lì ni bàbá tó bí bàbá mi. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e lọ ní kékeré, ibẹ̀ ló ti dàgbà, tó ti láya, tó ti bímọ. Ní 1909 ló gbé ẹ̀rọ tí ń pa ekùrọ́ wá sí ìlú yìí. Ó fẹ́ Àṣìkẹ́ níhìn-ín. Wọ́n bí bàbá mi, Jòhánù, ní 1912. Ní 1915, ṣànpọ̀ǹná pa á. Ẹ̀yìn ilé yìí ló sùn sí, òkúta orí rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí sílẹ̀ Yorùbá."

"Ẹ ti rí ewé náà rí, sà?"

"Rárá o. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí Bíbélì yẹn. Èmi náà ò ṣí i."

"Ta lẹ fura sí?"

"Mi ò fura. Mo mọ̀ ọ́n. Nàfíù ni. Ó wá síbí ní Sátidé, mo fi í sílẹ̀ ní pálọ̀ yìí, mo lọ wẹ̀. Àpótí wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn ọlọ́pàá ti lọ mú un láàárọ̀ yìí níléèwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Igbógilà."

"Kí ló pa Nàfíù pọ̀ mọ́ Bíbélì yín?"

Bàbá Oyèkúnlé fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. "Àwọn kan ń bẹ ní Ìlárá tí wọ́n ń pe ara wọn ní Fógẹ́lì. Lóòótọ́ ni pé Àṣìkẹ́ ló bí ìyá ìyá àgbà wọn..." Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó tún un kà. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ìyá àgbà Nàfíù ni Sàlímọ́tù. Àṣìkẹ́ ló bí ìyá Sàlímọ́tù. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ọkọ Àṣìkẹ́ ló tó bí i. Ṣé òkú ló fún un lóyún ni? Ìlú bú u, ó gbé ọmọ náà, ó kó lọ sí Ìlárá. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi wọlé."

Adéwùnmí wo àgádágodo àpótí páànù náà. Kò sí ibi tó ti fọ́. "Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà?"

"Ọrùn mi nìyí. Kì í kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgádágodo yẹn ti gbó, ìṣó lásán lè ṣí i."

Adéwùnmí ní kí Ọlámipọ̀ bá òun wá ìṣó. Ó tì í bọ ojú àgádágodo, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Bàbá náà mi orí bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí tán.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Kọ́púrà Azeezat, tí Adéwùnmí kọ́ níṣẹ́ nígbà kan, kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kó tó mú Nàfíù jáde wá. Géńdé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, eruku ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe nílé Fógẹ́lì?"

"Ìyá àgbà mi ló rán mi, mà. Ó gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá ìtàn baba ńlá wọn. Ó ní kí n bẹ Bàbá Oyèkúnlé kó jẹ́ kí n wo Bíbélì náà, bóyá orúkọ ìyá òun wà nínú rẹ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó fún bí ogún ìṣẹ́jú, èmi nìkan. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀, kí n máa lọ. Mo lọ."

"O fọwọ́ kan àpótí?"

"Mo wò ó. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n bá bíléèdì nínú báàgì rẹ."

"Pẹ́ńsùlù àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fi ń gbẹ́."

Azeezat gbé bíléèdì náà jáde nínú ọ̀rá. Adéwùnmí gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ẹnu rẹ̀ ti fọ́ níbi méjì, lẹ́búlẹ́bú igi pẹ́ńsùlù sì há sí i. Ó fa ìwé ìròyìn kan sọ́dọ̀ lórí káńtà, ó gbé rúlà lé e, ó fi bíléèdì náà gé e. Ìwé náà ya jágajàga bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù.

"Èyí tí wọ́n gé ní Ayétòrò dán bí etí aṣọ," ló wí.

"Ó lè ní òmíràn, mà," ni Azeezat dáhùn. "Ọ̀gá wa ní bí ewé yẹn kò bá jáde títí ọ̀sán ọ̀la, ilé ẹjọ́ ló kàn. Ẹ sì mọ̀ pé tíṣà tó bá dé ilé ẹjọ́ nítorí olè..." Kò parí rẹ̀.

"Ìwé ẹ̀sùn ńkọ́?"

Bàbá Oyèkúnlé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ní èdè Yorùbá, lẹ́tà rẹ̀ rìbìtì rìbìtì. Adéwùnmí kà á dé àárín, ó padà sókè, ó tún un kà. *Ewé tí wọ́n jí ni èyí tí bàbá bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí.*

Ó da gbólóhùn náà kọ sínú ìwé pélébé rẹ̀. Ẹni tí kò rí ewé rí, báwo ló ṣe mọ iye orúkọ tó wà lára rẹ̀? Síbẹ̀, bàbá náà lè ní àlàyé. Ọmọ tí Fógẹ́lì fi sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan, Jòhánù jẹ́ ìkejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó gbé dìde sí àgbàlagbà.

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní Ìlaròó, níbi tí wọ́n kó àwọn ìwé ìsìnkú gbogbo agbègbè náà pa mọ́ sí. Ọmọ́délé, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, arúgbó tínínrín kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ìsìn nígbà gbogbo, gbé ìwé 1915 sílẹ̀, ó nu eruku rẹ̀.

"Òun nìyí. Oṣù kẹta. *Hẹ́ńrì Fógẹ́lì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ṣànpọ̀ǹná. Nítorí àìsàn náà, a kò ṣí pósí. A sin ín sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ayétòrò.*"

"Ta ló rí òkú náà?"

Ọmọ́délé wá a lójú ewé. "Kò sí orúkọ ẹnì kan kan. Ìyàwó rẹ̀ ló mú ìròyìn wá."

Adéwùnmí gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, láyé àwọn bàbá yín, bí olóde bá pa ènìyàn, níbo ni wọ́n ń sin ín sí?"

"Háà! Ta ló jẹ́ sin ín sílé? Igbó ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn tó ni iṣẹ́ ẹ̀ ló ń sin ín, wọn a sì kó gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn nígbà ayé rẹ̀ lọ. Aṣọ, ẹní, àga. Kò sí ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yìn ilé ni Fógẹ́lì wà. Bíbélì rẹ̀ wà ní pálọ̀ títí di òní, tinú tẹ̀yìn."

"Nígbà náà, kì í ṣe ṣànpọ̀ǹná ló pa á."

"Kò sí ohun tó pa á," ni Adéwùnmí dáhùn. "Wọ́n yan àìsàn tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí pósí. Òyìnbó tó wà nídìí ìjọba kò mọ bí a ṣe ń sin ẹni tí olóde pa. Àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò bi òyìnbó léèrè bó ṣe ń sin òkú rẹ̀."

"Kí ni yóò mú odidi ènìyàn ṣe bíi pé ó kú?"

"Ọdún wo lẹ ní ó jẹ́, bàbá?"

Ọmọ́délé tún ojú ewé náà wò. "Ọdún kejì ogun Jámánì," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

*

Ilé ara rẹ̀ ló ti pe Rúùtù lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, irun rẹ̀ funfun, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ọmọ Amẹ́ríkà ni baba ńlá yín lábẹ́ òfin, àbí ọmọ Jámánì?" ni Adéwùnmí bi í.

"Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ìwé tó sọ ọ́ di ọmọ Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ mi báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló fi pa mọ́. Kò mú un dání lọ."

Adéwùnmí rò ó. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ogun dé, wọ́n ń kó àwọn Jámánì. Ohùn Jámánì ló wà lẹ́nu rẹ̀, orúkọ Jámánì ló ń jẹ́, ìwé kan ṣoṣo tó lè gbà á sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn òkun.

"Kí ló mú kó jẹ́ ewé yẹn gan-an lẹ fẹ́ rí?"

"Mo fẹ́ fi ọwọ́ ìkọ̀wé wé ọwọ́ ìkọ̀wé. Lẹ́tà kan wà lọ́dọ̀ mi. N kò tíì sọ fún Ọlámipọ̀. Ó ti fi fọ́tò sàréè hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn, n kò fẹ́ da omi sí i lọ́kàn láìní ẹ̀rí."

"Lẹ́tà ọdún wo?"

"1921. Òǹtẹ̀ Porto-Novo ló wà lára rẹ̀."

"Àjàṣẹ́ nìyẹn. Kò jìnnà sí wa. Ẹ kà á."

Rúùtù kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á. "*Kílárà, òkú kì í kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo kọ èyí. Wọ́n ti sin mí níhìn-ín, orúkọ mi wà lára òkúta. Obìnrin tó fi ara rẹ̀ gbà mí là ni wọ́n ń bú nítorí mi. Mo bí ọmọbìnrin kan fún un, ó ti pé ọdún méjì, Máátà ni mo sọ ọ́. Má ṣe retí mi mọ́.*" Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Kílárà, ìyàwó rẹ̀ níhìn-ín, ṣì retí rẹ̀. Títí tó fi kú ni àwo oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Màmá mi ló sọ fún mi."

Adéwùnmí kọ orúkọ kan ṣoṣo sínú ìwé rẹ̀: Máátà.

*

Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Kòrólà rẹ̀ ti kọjá gbogbo ibi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń dúró sí, ó ti wọ Ìlárá. Ní ìlú yẹn, ìdajì ilé wà ní Nàìjíríà, ìdajì wà ní Benin, adìyẹ kan náà sì lè jẹun ní ilẹ̀ méjèèjì kí oòrùn tó wọ̀.

Màmá Sàlímọ́tù ń tẹ́ láfún sóòrùn lórí ọ̀rá. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Adéwùnmí kúnlẹ̀ kí i, ó sọ ẹni tí òun jẹ́.

"Ṣé wọ́n ti fún Nàfíù lóúnjẹ?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá náà bi í.

"Azeezat fún un ní ẹ̀bà lánàá, mà. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Màmá, kí ni orúkọ ìyá yín?"

"Rábíátù ni, lẹ́yìn tó fẹ́ bàbá mi, tó di Mùsùlùmí."

"Èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Màmá Sàlímọ́tù gbọn láfún ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Máatà ni. Àwa rò pé nítorí ó máa ń tajà ni. Máa tà, máa tà. Gbogbo ọjà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó sọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn fún yín?"

"O fẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ tún pè mí ní òpùrọ́?"

"Ọ̀nà tó jìn ni mo gbà wá, màmá. Ẹni tó bá fẹ́ bú yín kò ní jí wá síbí."

Màmá náà jókòó sórí odó tó dojú dé.

"Ní àárọ̀, bí ìyá mi bá jí, ó máa ń kí wa báyìí: *gúútìn mọ́ọ̀gìn*. Kò sẹ́ni tó mọ èdè tó jẹ́. Ó ní bàbá kan ló kọ́ òun ní oko, ọlọ́rùn pupa, tí kì í wọ ìlú. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bàbá náà máa ń gbé òun lé èjìká. Nígbà tí ìyá mi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá náà kú, wọ́n sin ín sóko, wọ́n fi Bíbélì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jòhánù. Àṣìkẹ́ mú kí ó búra pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ayétòrò, nítorí wọ́n ti búra fún ọba àti fún ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkùnrin náà ti kú. Bí wọ́n bá gbọ́ pé irọ́ ni, wọn yóò mú Jòhánù, ọmọ Jámánì tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí ọmọ kan ni wọ́n ṣe ba orúkọ ọmọ kejì jẹ́."

"Lẹ́yìn tí ogun parí ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún Àṣìkẹ́ pé ó parí? Ìgbà tó sì fi gbọ́, ìlú ti ń pè é ní aṣẹ́wó. Ẹni tí wọ́n ti pè bẹ́ẹ̀, tó bá ní 'ọkọ mi ló wà lóko,' ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Adéwùnmí dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. À ń lọ sí Ayétòrò."

*

Bàbá Oyèkúnlé kò retí àlejò méjì. Nígbà tó rí Màmá Sàlímọ́tù lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Ọlámipọ̀, ó wo Adéwùnmí, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jókòó. Adéwùnmí fa àga fún màmá náà fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ọmọ mélòó lorúkọ wọn wà lára ewé tó sọnù?"

"Mo ti sọ fún yín pé mi ò rí i rí."

"Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé méjì ni." Ó ka gbólóhùn náà láti inú ìwé pélébé rẹ̀. "*Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.*"

Bàbá náà gba ọ̀rọ̀ náà láìjáfara. "Ọmọ Amẹ́ríkà àti bàbá mi ni mo ní lọ́kàn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó bímọ síbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọlámipọ̀, bá mi mú jígí wá."

Ọlámipọ̀ mú jígí tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n wá. Adéwùnmí ṣí Bíbélì náà síbi tí wọ́n ti gé e, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé.

"Tàdáwà ayé ọjọ́un lágbára. Bí ìwé bá wà ní pípadé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí wọ́n kọ sójú ewé kan máa ń ṣí lé èyí tó kọjú sí i lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé àbàwọ́n lásán ni. Àbàwọ́n tó bá tò ní ìlà ìlà kì í ṣe ti omi. Ó yí padà sódì ni kò ṣe ṣeé kà." Ó fi jígí kọjú sí i. "Wá wò ó. Ka nọ́ńbà tí o bá rí."

Ọlámipọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ìlà àkọ́kọ́, 1912. Jòhánù nìyẹn. Ìkejì..." Ó sún mọ́ ọn sí i. "1919."

"Ọdún wo ni òkúta ẹ̀yìn ilé sọ pé ó kú?"

"1915."

"Ọmọ Amẹ́ríkà ti wà láyé kó tó kúrò níbẹ̀ ní 1909, kì í ṣe òun. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1919 ni. Lẹ́tà kan wà ní Mìlìwọ́kì tó sọ pé Máátà ló ń jẹ́. Ìyá tó bí màmá yìí, Máatà ni wọ́n ń pè é." Ó gbé jígí sílẹ̀. "Ìlà mẹ́ta ṣì wà nísàlẹ̀ tó ti ṣá ju kí n lè kà á lọ. Ẹ̀yin ti kà á, Bàbá. Ògbóǹkangí télọ̀ ló gé ewé yìí. Bíléèdì tí ẹ fi ń tú rírán kì í gé jágajàga bíi ti tíṣà."

Níta, ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó.

"Bàbá?" ni Ọlámipọ̀ pè é.

Bàbá Oyèkúnlé dìde. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó sọ fọ́tò Jòhánù bàbá rẹ̀ kalẹ̀, ó tú ẹ̀yìn férémù rẹ̀. Ewé náà wà níbẹ̀, ó rọ̀ bí awọ.

"Alẹ́ Sátidé ni, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin yẹn lọ," ló wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo fẹ́ sun ún. Mo ṣá iná sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi kọ̀. Bàbá mi ló fi hàn mí kó tó kú, ó ní kí n má jẹ́ kó jáde. Nígbà tí ọmọ mi kò dákẹ́, tó ní òun máa wá ẹni tó gé e, mo ní láti nawọ́ sí ẹnì kan."

"Kí ló dé tí bàbá yín fi pa á mọ́?" ni Adéwùnmí bi í.

"Ẹ kà á."

Ọlámipọ̀ gba ewé náà. Ìlà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti Jámánì. Ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń fi etí kọ èdè. Ó ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e.

"*Àṣìkẹ́ kò ṣe pánṣágà. Ọmọ mi ni Máátà. Jòhánù, bí o bá dàgbà, lọ mú àbúrò rẹ wálé.*"

"Kò lọ," ni Màmá Sàlímọ́tù wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ látìgbà tó ti wọlé nìyẹn.

"Kò lọ," ni Bàbá Oyèkúnlé dáhùn. "Nígbà tó fi mọ ìwé kà, tó rí i, ó ti di ẹni ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì í. Ojúmọ́ kan a mọ́, á ní ọ̀la. Ẹ̀yìn náà ló kú, ọ̀rọ̀ náà wá kù sí mi lọ́rùn. Bí ewé yìí bá jáde, òpùrọ́ ni bàbá mi, ẹ̀yin sì ni àgbà ilé yìí, kì í ṣe èmi."

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Màmá Sàlímọ́tù gbé ọwọ́ sókè.

"Má tíì dọ̀bálẹ̀ fún mi. Èmi kọ́ ló sùn ní àtìmọ́lé."

*

Aago méjìlá kò tíì lù nígbà tí Bàbá Oyèkúnlé fọwọ́ síwèé pé òun kò lẹ́jọ́ mọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá bá a wí gan-an, ó ní irú irọ́ yẹn lè gbé àgbàlagbà lọ sẹ́wọ̀n, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Nàfíù jáde, bàbá náà ṣí fìlà níwájú gbogbo ènìyàn, ó tẹ̀ síwájú. Nàfíù sáré gbá a mú lápá kí eékún rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ máa pa mí ni." Ó dá a dúró ṣinṣin, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Adéwùnmí ló gbé wọn padà sí Ìlárá. Ó fi fọ́tò ewé náà ránṣẹ́ sí Rúùtù lójú ọ̀nà, èsì tó sì padà wá kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: *Ọwọ́ rẹ̀ ni.*

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Ọlámipọ̀ sọ ohun tó kù fún un lórí fóònù. Ní Sátidé, bàbá òun ti jí kùtùkùtù, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlárá lóun nìkan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun. Nàfíù ló rí i, òun ló ròyìn rẹ̀. Bàbá náà dúró lójúde, láàárín láfún tí wọ́n sá, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lè kágò.

Màmá Sàlímọ́tù wà nínú ilé. "Ta nìyẹn?" ló bi léèrè.

"Àbúrò yín ni, mà."

Oyèkúnlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí aṣọ ẹnu ọ̀nà mì.

"Wọlé," ni màmá náà wí. "A ó jẹun ká tó lọ sóko lọ kí bàbá àgbà wa."